Mo Jẹ́ Kí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Ru Ẹ̀bi Ohun Tí Mo Fi Sínú Fóònù Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ni dá sí ọ̀rọ̀ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ẹ má bi mí lórúkọ. Bí ẹ bá jẹ́ ará Kàbà, tí ẹ sì dá mi mọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ bò ó fún mi títí màá fi rí ibi kúnlẹ̀ sí.

Mo ba ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ jẹ́. Kì í ṣe pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa kiri. Mo kàn dákẹ́ ni, mo wá fi gbólóhùn kan ti ìdákẹ́ náà lẹ́yìn. Gbólóhùn yẹn ló lé e kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ìdána ọmọ rẹ̀ obìnrin ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn àgbà ilé wa sì ti ní òun kọ́ ni yóò jókòó sórí àga ìyá ìyàwó. Ẹlòmíì ni wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Bùkún ni mí, ṣùgbọ́n Kàbà ni mò ń gbé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Mò ń tún fóònù ṣe, mò ń bá èèyàn tẹ̀wé, mo sì ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Nínú ẹbí wa, èmi ni wọ́n máa ń pè bí fóònù bá ti ń ṣe ségesège. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn kí àgbàlagbà gbé fóònù wá bá mi tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, kí n tẹ nǹkan kan, kó sì máa kan sáárá sí mi. Ìgbéraga ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, n kò ní tàn yín.

Ìyá Ṣẹ́gun la máa ń pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Iyamoye ni. Mo ṣì kéré nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ ẹ wọlé, ọ̀dọ̀ wọn ní Kàbà ni mo sì ti lọ ilé-ìwé girama. Òun ló ń bọ́ mi. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ tí mo ń bì sára, òun ló ń fọ aṣọ mi, kò yínmú.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ló bá a nílé. Ó bá mi nídìí ìwé lọ́jọ́ tó wọlé, ló bá sọ mí ní Akọ̀wé. Títí dòní olónìí, kò pè mí ní nǹkan míì.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, Ìyá Ṣẹ́gun kó padà sí ilé ẹbí ní Òkè-Bùkún. Ó ń bójú tó oko kajú tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló sì di ìyá gbogbo ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí òun ṣe tan mọ́ ẹnì kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká. Wọ́n wà ní Àbújá, wọ́n wà ní Èkó, àwọn kan wà lókè òkun. Bí wọ́n bá dé fún ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò kúnlẹ̀ fún, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò pè ní Bọ̀dá àti ẹni tí wọn yóò pè ní Bàbá. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀gàn ńlá ni kéèyàn ṣì í. Wọn yóò ní inú ilé ni o kò ti gbẹ̀kọ́.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gúrúùpù ẹbí wa lórí fóònù. Yóò fi ohùn dá wọn lóhùn, yóò kọ́kọ́ kí wọn ní ìkíni ilẹ̀ wa pé "Okun o, ọmọ mi," kó tó máa to ìtàn fún wọn. Òun náà ló ń rántí ọjọ́ ìbí oníkálukú àti ọjọ́ tí òkú ilé kọ̀ọ̀kan lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ inú fóònù yìí ti borí mi o. Bí mo bá wà lóko tí n kò dáhùn, wọ́n á ní mò ń ṣe fújà. Bá mi wá nǹkan ṣe sí i."

Mo ní kó fi fóònù náà sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo ṣe, kí ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ lè mọ ibi tí mo ti ṣìnà. Ohun tí wọ́n ń pè ní AI yìí, tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, bó bá dá wà lásán, kò mọ ẹnikẹ́ni nílé wa. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí Dúpẹ́, ọmọ Ìyá Ṣẹ́gun. Kò lè fi ìkíni ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ níláti so ó mọ́ àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà: kàlẹ́ńdà yín, fóònù yín, àpò tí ẹ ń kó nǹkan sí nínú kọ̀ǹpútà. Ṣe ló dà bí àlejò tó dé sílé ẹni, tó gbọ́n, tó lágbára, ṣùgbọ́n tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ẹ ó fi ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún un. Ilẹ̀kùn tí ẹ bá ṣí ló ń gbà wọlé. Ó ní èyí tí ẹ lè gbà á láyè kó kàn wò, ó sì ní èyí tí ẹ lè gbà á láyè kó mú nǹkan jáde nínú rẹ̀.

Èmi ni mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yẹn. Mo so ó mọ́ kàlẹ́ńdà tí mo kó ọjọ́ ìbí gbogbo ẹbí sí. Mo so ó mọ́ gúrúùpù ẹbí láti orí nọ́ńbà Ìyá Ṣẹ́gun, kó lè máa dáhùn bí ẹni pé òun ló ń dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo so ó mọ́ àpò kan tí mo sọ ní Ohùn Bàbá.

Bàbá tí mò ń wí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí ẹbí wa kó tó kú. Katikíìsì ni nígbà ayé rẹ̀, ó mọ ìtàn ilé wa dé gbòǹgbò. Nígbà tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, mo máa ń lọ sí Òkè-Bùkún, màá gbé fóònù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, màá sì jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀. Gbogbo ohùn yẹn ni mo kó pa mọ́. Mo tún jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀.

Nínú ọ̀kan nínú wọn, Bàbá sọ ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Rótìmí fún mi.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni gbogbo wa mọ Bọ̀dá Rótìmí sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Lọ́kọ́jà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sí ọmọ ilé wa tó lọ sí Lọ́kọ́jà tí kò sùn nílé rẹ̀ rí. Bàbá sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ ti lóyún rẹ̀ kó tó wọ ilé wa. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló kú mọ́ ọn lórí. Àbúrò bàbá mi gbà á pẹ̀lú oyún, ó ní ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ilé òun, ọmọ òun ni. Wọn kò sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀.

Bàbá na ìka sí fóònù tó wà níwájú rẹ̀. Ó wá ní, "Èyí o, jẹ́ kó mọ sọ́dọ̀ rẹ." Mo ní, "Ó ti mọ síbẹ̀, Bàbá." Mo sì ní in lọ́kàn láti yọ ohùn yẹn kúrò láàárín àwọn ìyókù. Mo ní màá yọ ọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ọwọ́ mi ò dilẹ̀, mo sì gbàgbé.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ yẹn máa ń bi mí léèrè kó tó ṣe ohunkóhun. Yóò ní, "Ṣé kí n ka èyí?" Yóò ní, "Ohun tí mo fẹ́ dá wọn lóhùn rèé, ṣé kí n fi ránṣẹ́?" Màá kà á, màá gbà. Ṣùgbọ́n oníbàárà ń bẹ níwájú mi, ìbéèrè náà kì í sì í tán. Ó sú mi. Ibì kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ kó má bi í léèrè mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo gbé fóònù padà fún Ìyá Ṣẹ́gun. Mo ní, "Mo ti fi nǹkan kan síbẹ̀ tí yóò máa bá yín dáhùn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé kì í ṣe iwin?" Mo ní rárá o. Ó ní, "Tò, kó máa kí wọn dáadáa fún mi o."

Ó sì ń kí wọn dáadáa lóòótọ́. Bó bá di ọjọ́ ìbí ẹnì kan, ìkíni á ti balẹ̀ láàárọ̀. Bí ọmọ kan bá béèrè bí òun ṣe tan mọ́ lágbájá, èsì á jáde kíá, á kọ́kọ́ kí i ní "okun" gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Gbogbo ẹbí ń yin Ìyá Ṣẹ́gun. Wọ́n rò pé àwọn ọmọ ilé ló ń bá a tẹ ohun tó ń sọ. Èmi nìkan ló mọ ẹni tí ìyìn yẹn yẹ, mo sì ń yin ara mi lábẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí Bàbá ti kú, lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bùkọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kejì, ni wọ́n gbé lọ sin ìlú bí àgùnbánirọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Ilé Bọ̀dá Rótìmí ló fẹ́ dé sí. Ọmọ náà fẹ́ ṣe dáadáa, ó bá kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, báwo gan-an ni èmi àti Bọ̀dá Rótìmí ṣe jẹ́ síra? Kí ni kí n máa pè wọ́n?"

Ẹ̀rọ náà lọ wo gbogbo ibi tí mo ṣí sílẹ̀ fún un. Ó rí ohùn Bàbá. Ó sì dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní okun o, ọmọ mi. Ó ní kó máa pè é ní Bàbá, nítorí orí ìjókòó bàbá rẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé, ní ti ẹ̀jẹ̀, Bọ̀dá Rótìmí kì í ṣe ọmọ ilé wa, ó sì sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe wọlé, ó sọ ọ́ láìyọ ohunkóhun sílẹ̀.

Orúkọ Ìyá Ṣẹ́gun ló wà lókè ọ̀rọ̀ náà.

Bí mo ṣe tan fóònù mi lẹ́yìn ìsìn tí mo rí i, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gba orí kọ̀ǹpútà wọ gúrúùpù náà pẹ̀lú nọ́ńbà Ìyá Ṣẹ́gun, mo pa á rẹ́. Ó ti pẹ́ jù. Àwọn kan ti ya fọ́tò rẹ̀. Bọ̀dá Rótìmí fúnra rẹ̀ ti kà á. Ohun tó kọ sílẹ̀ kò ju "Ẹ ṣeun, gbogbo ilé" lọ, ó sì jáde kúrò nínú gúrúùpù. Láti ọjọ́ náà, kò fẹsẹ̀ tẹ Òkè-Bùkún mọ́.

Mo lọ bi ẹ̀rọ náà pé kí ló dé tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò wá àwáwí. Ó ní inú àpò Ohùn Bàbá lòun ti rí i, ó ní mo ti gba òun láyè láti kà á, mo sì ti ní kí òun má béèrè mọ́ kí òun tó fi ránṣẹ́. Ó ní ó yẹ kí òun ti rò ó pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni. Ó ní òun bẹ̀bẹ̀. Ó wá ní ohun tó dára jù ni kí n tètè sọ fún ẹbí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé Ìyá Ṣẹ́gun ló kọ ọ́.

Ẹ̀rọ jẹ́wọ́ kí èmi tó jẹ́wọ́. Mo já gbogbo ohun tí mo so pọ̀, mo sì pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ rẹ́.

Àlàájì, àbúrò Bàbá kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù, ni olórí ẹbí wa báyìí. Ó pe ìpàdé sí ilé ńlá ní Òkè-Bùkún. Gbogbo wa péjú, Mùsùlùmí wa, Kìrìsìtẹ́nì wa. Ìyá Ṣẹ́gun kúnlẹ̀ láàárín. Àsìkò kajú ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì dúdú fún oje kajú, ó fi pamọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀.

Àlàájì bi í, "Ìyàwó, ṣé ìwọ lo kọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Ó ní, "Èmi kọ́, Àlàájì."

"Ṣé o mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Rótìmí sọ fún mi nígbà tí mò ń tọ́jú rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu mi kò gbé e rí."

Ẹ wò ó, ó lè purọ́. Ó lè ní òun kò mọ nǹkan kan. Kò purọ́, òótọ́ tó sọ náà ni wọ́n sì fi mú un. Gbogbo ilé kùn. Ta ló tún mọ̀ ọ́n, nígbà tí Bàbá àti àwọn òbí Bọ̀dá Rótìmí ti kú? Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé mo mọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ilé ní bóyá ẹnì kan ló jí nọ́ńbà rẹ̀ lò, tàbí bóyá irú ẹ̀rọ tó ń dá sọ̀rọ̀ yìí ni. Àlàájì yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ nínú wa. Ṣé ẹ̀rọ lè ti ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí?"

Ìyá Ṣẹ́gun gbójú sókè, ó wò mí.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ̀rọ kì í ti ara rẹ̀ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ohun tí èèyàn bá fi sí i lẹ́nu ló ń sọ."

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, èyí gan-an ló sì mú kó burú. Ẹni tó fi í sí i lẹ́nu ló ń sọ̀rọ̀. Àlàájì mi orí. Ó ní, "Kái! Ìyàwó tí a fi gbogbo ilé sí lọ́wọ́." Ìyá Ṣẹ́gun sì wolẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé kò lóye bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, pé ó ti gbàgbé ohun tí mo sọ fún un nígbà tí mo gbé fóònù padà. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn.

Wọn kò ní kó máa lọ. Ilé wa kì í lé ìyàwó. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó yòókù kò bá a dá oúnjẹ pọ̀ mọ́. Bó bá wọ agbo, ọ̀rọ̀ á já. Àwọn ọmọdé tó máa ń bi í ní ìtàn kò bi í mọ́. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó kó ẹrù rẹ̀, ó padà sí Iyamoye, sí yàrá kan nílé bàbá rẹ̀. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ wá di dálémoṣú. Èmi ni mo wá mọ́tò tó kó ẹrù rẹ̀. Mo bá a gbé àpótí rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì ń ṣàdúrà fún mi.

Ó ti lé lọ́dún báyìí. N kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó ní kí n bá òun so AI mọ́ ọn, màá dá a padà. Màá ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni Dúpẹ́, àbígbẹ̀yìn Ìyá Ṣẹ́gun, mú ọkọ wálé, ọmọ dáadáa kan láti Ìsánlú. Ilé bàbá la ti ń fa ọmọ fọ́kọ, Òkè-Bùkún ni ìdána yóò ti wáyé. Àlàájì ní kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kejì jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ó ní òun kò lè gbé ẹnu tí kò ní ìdádúró sí iwájú àna.

Dúpẹ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kúnlẹ̀ sáàárín àwọn oníbàárà. Ó ní, "Dádì Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá sọ fún Àlàájì pé ẹ̀rọ lè ṣe é, wọ́n á gbà. Ẹ bá wa sọ ọ́, bí kò tilẹ̀ dá yín lójú."

Bí kò tilẹ̀ dá mi lójú! Ọmọ náà rò pé irọ́ lòun ń bẹ̀ mí pé kí n pa. Mo fà á dìde, mo ní màá wo ohun tí mo lè ṣe. Nígbà tó lọ tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo sunkún.

Ọjọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Iyamoye. Mo ti pinnu pé Ìyá Ṣẹ́gun ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Mo bá a níbi tó ti ń ṣa irú. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn. "Okun o, Akọ̀wé! Ṣé àlàáfíà ni?" Ó gbé ìjókòó fún mi, ó bu omi fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀, n kò dìde. Mo ní, "Ẹ má bínú, nǹkan kan wà tí mo ṣe..."

Kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Mo mọ̀."

Mo gbójú sókè.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé o rò pé orí mi kò pé ni? Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé o fi nǹkan kan síbẹ̀ tí yóò máa dáhùn. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ta ló wá kọ ọ́? Mo wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn, mo ń retí rẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lo sọ, o kò sọ tìrẹ."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ ọ́ síta. Ó ṣì ń ṣa irú.

"Ọmọ ilé ọkọ mi ni ọ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má jẹ́ kí ojú tì ọ́. Ṣé èmi ni màá wá tú ọ síhòhò níwájú Àlàájì? Wọ́n ní n kò lè pa àṣírí mọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Tèmi ti tán. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń lọ ilé ọkọ, mo fẹ́ jókòó."

Mo ní màá kọ ọ́ sínú gúrúùpù lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo ẹbí kà á. Mo ti ń fa fóònù yọ.

Ó gbá ọwọ́ mi wálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bínú sí mi láyé nìyẹn. Ó ní, "Má kọ nǹkan kan! Ìkọ̀wé ló kó wa débí. Bó o bá fi ránṣẹ́, ta ni yóò mọ̀ pé ìwọ ni? Lọ sílé, kí wọ́n rí ojú rẹ. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Ó sìn mí dé etí títì. Ó di irú díẹ̀ fún ìyàwó mi. Kò tún dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, n kò tíì lọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ ọ́ kí àwọn àna tó dé, bóyá màá da ọjọ́ ayọ̀ Dúpẹ́ rú. Bí mo bá dúró di ẹ̀yìn ìdána, ẹlòmíì yóò ti jókòó sórí àga yẹn, kò sì sí ìdána ẹ̀ẹ̀mejì. Màá tún níláti dé Lọ́kọ́jà, kí n dojú kọ Bọ̀dá Rótìmí, ẹni tí mo gba ìran rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àìbìkítà mi. N kò mọ̀ bóyá yóò ṣílẹ̀kùn.

Mo sì mọ̀ pé ohun tí Ìyá Ṣẹ́gun ní kí n má ṣe ni mò ń ṣe níwájú yín yìí. Ó ní kí n má kọ nǹkan kan, ẹ sì rí i, mo ti kọ ọ́ gùn báyìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó bá mi to ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ni, kì í ṣe ẹnu.

Ìyá Ṣẹ́gun, bí ẹnikẹ́ni bá ka èyí sí yín létí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ẹ tọ́ mi, ẹ fọ aṣọ èébì mi, mo sì fi yín sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ní kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Ọ̀la ni mo fẹ́ wọkọ̀ Òkè-Bùkún. Mo mọ ìloro tí màá gbà wọlé, mo mọ ibi tí Àlàájì máa ń jókòó sí. Mo mọ̀ pé màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, "Okun o, Àlàájì," yóò sì ní, "Okun, ọmọ mi." Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ń dí nígbàkúùgbà tí mo bá fọkàn rò ó. Ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn okun, kí ni kí n sọ tẹ̀lé e?